Ayùn Inú Àyà Ṣabí

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ máa ń wá jókòó níwájú ilé mi ní ìrọ̀lẹ́, tí ẹ ń bi mí bóyá kí ẹ lọ kọ́ iṣẹ́ ìlera tàbí kí ẹ lọ máa ta fóònù ní Kùtọ́nú, ọ̀rọ̀ yín ni mo ń dáhùn níbí. Mi ò ní sọ pé iṣẹ́ mi dára tàbí kò dára. Màá kàn sọ bí mo ṣe ṣe é, kí ẹ fúnra yín wò ó bóyá ẹ lè gbà á. Àwọn kan ń fi apá ṣiṣẹ́, àwọn kan ń fi ẹnu ṣiṣẹ́. Ní tèmi, etí ni mo fi jẹun.

Ànfimíyè ni mí, ẹni tí àwọn ará Nàìjíríà ń pè ní nọ́ọ̀sì. Ilé ìwòsàn Ṣábẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ náà ni mo ti fẹ̀yìn tì. Ìtàn bí wọ́n ṣe gbà mí kò gùn: mo ní ìwé ẹ̀rí, wọ́n ń wá èèyàn. Owó oṣù, bó bá dé, ó dé. Àwọn ológun ló ń ṣèjọba nígbà yẹn, ẹgbẹ́ òṣèlú kan ṣoṣo ló wà nílẹ̀, gbogbo wa sì ń pe ara wa ní kamaráàdì, àti ọ̀gá àti ẹni tó ń gbálẹ̀. Ẹnì kan wà nínú ọgbà ilé ìwòsàn wa tí kò sẹ́ni tó láyà láti pè bẹ́ẹ̀. Ọ̀gá Ìdòwú nìyẹn.

Ọmọ Kétu ni Ọ̀gá Ìdòwú. Ìjọba ló gbé wọn wá sí Ṣábẹ̀ láti jẹ́ olórí àwọn ànfimíyè. Wọ́n ga, wọ́n tẹ́ẹ́rẹ́, aṣọ iṣẹ́ wọn sì funfun débi pé ẹ̀rù máa ń bà wá láti súnmọ́ wọn. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ wọlé, mo ti gbé rọ́bà etí mi kọ́rùn, èyí tí a fi ń gbọ́ ìró inú àyà. Inú mi ń dùn, mo fẹ́ kí gbogbo èèyàn rí i.

"Kí ló wà lọ́rùn ẹ yẹn?"

"Rọ́bà etí ni, ọ̀gá."

"Mo rò pé ìlẹ̀kẹ̀ ni. Ṣé wọ́n ń gbé ọ níyàwó lónìí ni?"

Àwọn aláìsàn tó jókòó lórí bẹ́ǹṣì rẹ́rìn-ín. Mo bọ́ ọ. Láti ọjọ́ náà títí mo fi fẹ̀yìn tì, inú àpò ni rọ́bà etí mi ń gbé.

Wọn kò jẹ́ kí n gbé e lé àyà aláìsàn kankan fún ìgbà pípẹ́. Wọ́n ní kí n kọ́kọ́ mọ àyà ara mi. Ní àràárọ̀, kí a tó ṣí ilẹ̀kùn, màá jókòó sórí àpótí ní ẹ̀yìn ilé, màá gbọ́ ọkàn mi. Lẹ́yìn náà mo gbọ́ ti àwọn tó ń gbálẹ̀, ti àwọn tó ń ṣọ́nà, ti gbogbo ẹni tí ara rẹ̀ le. Ọ̀gá ní ẹni tí kò bá mọ bí ìdákẹ́jẹ́ ṣe rí kò ní mọ ìgbà tí ariwo bá wọ inú rẹ̀. Ọkàn tó le ń dún gbù-dù, gbù-dù. Láàárín gbù àti dù, kò sí nǹkan kan. Ibi tí kò sí nǹkan kan yẹn ni wọ́n ní kí n fetí sí.

Nígbà tí wọ́n wá jẹ́ kí n gbọ́ aláìsàn, ìyọnu tún bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á ní kí n ki ojú irin rọ́bà etí náà sínú àtẹ́lẹwọ́ mi títí tí yóò fi móoru, kí aláìsàn má baà ta gìrì. Wọ́n á wá bi mí pé:

"Kí lo gbọ́?"

Màá pe orúkọ àìsàn tí wọ́n kọ́ wa ní Faransé nílé ìwé.

"Mi ò bi ọ́ lórúkọ. Mo ní kí lo gbọ́?"

"Ó... ó ń fẹ́, ọ̀gá. Bí afẹ́fẹ́."

"Afẹ́fẹ́ abẹ́ ilẹ̀kùn ni àbí afẹ́fẹ́ ẹwìrì alágbẹ̀dẹ? Ó gùn ni àbí ó kúrú? Ṣáájú dù ni àbí lẹ́yìn dù? Padà lọ gbọ́ ọ."

Lọ́jọ́ mìíràn, wọ́n rán mi lọ jókòó ní ilé alágbẹ̀dẹ kí n lọ gbọ́ ẹwìrì. Lọ́jọ́ mìíràn, ilé káfíńtà. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ń pè mí ní Kamaráàdì Etí. Kò dùn mí. Mo ti rí ohun tí mo fẹ́ràn láyé. Ìwé ìròyìn ìṣègùn tí dókítà àgbègbè bá ti kà tán, èmi ni mo ń tọrọ rẹ̀. Mo ń fi ìwé atúmọ̀ Faransé kà á ní ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan títí tó fi yé mi.

Òfin Ọ̀gá tó le jù lọ kò sì kan etí rárá, ẹnu ló kàn. "Ohun tí o bá gbọ́ láyà aláìsàn, ti aláìsàn ni. Bí ìyàwó rẹ̀ bá bi ọ́, ti aláìsàn ni. Bí kamaráàdì láti ọ́fíìsì ẹgbẹ́ òṣèlú bá bi ọ́, ti aláìsàn ni. Bí kò bá ní kí o sọ, o kò gbọ́ nǹkan kan."

Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, nítorí òun ló fẹ́ pa mí lọ́jọ́ kan.

Alágbàrù kan ní ibùdó ọkọ̀ ojú irin ló kọ́kọ́ jẹ́ kí n mọ ìró tí mo fẹ́ sọ yìí. Ọkùnrin alágbára ni, apá rẹ̀ tó itan mi. Ó wá sọ pé nígbà tí òun bá gbé ẹrù gun àtẹ̀gùn, àyà máa ń fún òun, ojú òun sì máa ń ṣú. Ọ̀gá gbọ́ àyà rẹ̀, wọ́n sì pè mí. Mo gbé rọ́bà etí lé apá ọ̀tún òkè àyà rẹ̀. Gbù, lẹ́yìn náà ṣẹ̀rẹ̀rẹ̀rẹ̀, líle, gbígbẹ, ó ń ga bọ̀, ó tún ń rọlẹ̀. Dù náà fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí mọ́. Mo gbé e lọ sí ọrùn rẹ̀ lọ́tùn-ún àti lósì, ó tẹ̀ lé mi débẹ̀. Nígbà tí mo fi àtẹ́lẹwọ́ lé àyà rẹ̀, ó ń gbọ̀n lábẹ́ ọwọ́ mi bí ológbò tó ń hùn.

"Kí lo gbọ́?"

"Ayùn, ọ̀gá. Ẹnì kan ń la pákó."

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí wọn kò rán mi padà.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀, nítorí ó dùn mọ́ mi títí di òní. Ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń jáde láti inú ọkàn lọ sí gbogbo ara, ilẹ̀kùn kan wà níbẹ̀ tó ní ewé mẹ́ta. Ewé náà fẹ́lẹ́ bí awọ tó wà nínú èèpo ẹyin. Bó bá ṣí tán, àtàǹpàkò àgbàlagbà gba ibẹ̀ kọjá. Nínú àwọn kan, ewé náà á nípọn, etí wọn á lẹ̀ mọ́ra, ojú ọ̀nà á há títí yóò fi kù bí ihò tí pẹ́ńsù kò ní lè gbà kọjá. Ọgbẹ́ ọ̀nà ọ̀fun tí a kò tọ́jú ní kékeré máa ń fà á. Àwọn mìíràn, ewé méjì ni wọ́n bí mọ́ wọn dípò mẹ́ta. Ọkàn kò ní sọ fún ẹnikẹ́ni. Ńṣe ni á máa ti ilẹ̀kùn náà kíkankíkan, ògiri rẹ̀ á máa nípọn bí apá alágbàrù. Ọjọ́ tí ara bá béèrè ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ lójijì, ihò náà kò ní lè fún un. Ọpọlọ á gbẹ, ẹni náà á ṣubú. Nígbà mìíràn á dìde.

Ọ̀gá sọ fún alágbàrù náà kó má gbẹ́rù mọ́, kí a wá ọ̀nà gbé e lọ sí Kùtọ́nú. Ó fi apá rẹ̀ hàn wọ́n, ó rẹ́rìn-ín: "Ọ̀gá, ẹ wo èyí, ṣé ó jọ ti aláìsàn?" Kò pẹ́ lẹ́yìn náà, ó ṣubú ní ibùdó náà pẹ̀lú àpò àgbàdo lórí, kí ọkọ̀ ojú irin tó dúró tán. Àwọn tó wà níbẹ̀ ní ó kúnlẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ kí àgbà. Kò dìde. Nígbà tí a gbọ́, Ọ̀gá lọ sídìí omi, wọ́n ń fọ ọwọ́ tí kò ní ìdọ̀tí kankan, wọ́n sì ń fọ ọ́ títí.

Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà ni Ṣabí wá.

Àgbẹ̀ ni, ọ̀dọ́kùnrin, ó rẹwà, ó lẹ́nu ọ̀rọ̀. Àwọn òbí rẹ̀ ti kú. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin kan wà ní Abíjáànì tó ń ta aṣọ. Ó fẹ́ fẹ́ Àkànkẹ́, ọmọ àgbẹ̀ ńlá kan ní ọ̀nà Kàbúà. Bí ó ṣe jókòó síwájú mi, kò wo ojú mi.

"Ẹ̀gbọ́n, mo ṣubú."

"Níbo?"

"Níwájú àna mi. Mo dọ̀bálẹ̀ láti kí wọn. Bí mo ṣe dìde, ilẹ̀ yí. Nígbà tí mo lajú, gbogbo ilé ti jìnnà sí mi. Wọ́n ní wárápá ni."

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí lè má mọ ohun tí ọ̀rọ̀ yẹn jẹ́ nígbà náà. Ẹni tí wọ́n bá ti fẹ̀sùn wárápá kàn, ife rẹ̀ á yàtọ̀, àwo rẹ̀ á yàtọ̀. Bó bá ṣubú, kò sẹ́ni tó máa fọwọ́ kàn án, nítorí wọ́n gbà pé itọ́ rẹ̀ ń ràn. Bó bá ṣubú sínú iná, inú iná ló máa wà. Ìyàwó? Kò sí baba tó máa fọmọ fún un.

Mo mú irin náà móoru nínú ọwọ́ mi, mo gbé e lé àyà rẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n kí n tó gbọ́ ọ tán. Ayùn ni.

Mo pe Ọ̀gá, Ọ̀gá pe dókítà àgbègbè. Obìnrin ni dókítà wa nígbà yẹn, ó kàwé ní Kùtọ́nú, ó mọṣẹ́ gidigidi. Ó fi ìka lé ọrùn Ṣabí, ó ní kí n fi tèmi náà lé e: ìlù iṣan náà kò ta lójijì, ńṣe ló ń gùn lọ́ra bí ẹni tó ń gun òkè àpáta. Mo ti ka nǹkan nípa oògùn kan tó ń fẹ iṣan lójú, inú mi ń dùn láti sọ ọ́. Dókítà mi orí.

"O kà á dáadáa, àmọ́ kì í ṣe fún irú èyí. Bí iṣan bá fẹ̀ lójijì tí ilẹ̀kùn ṣì há, ẹ̀jẹ̀ kò ní tó láti kún un. Yóò kú lọ́wọ́ rẹ. Ilẹ̀kùn ló bàjẹ́, ilẹ̀kùn la máa tún ṣe."

Ó ní àwọn kan ti ń ṣí ọkàn ní Abíjáànì báyìí. Bí ewé ilẹ̀kùn náà bá ṣì rọ̀, wọ́n á fi ọ̀bẹ la ibi tó lẹ̀ mọ́ra, ó tán. Bó bá ti le gan-an, wọ́n á yọ ọ́, wọ́n á fi ti irin síbẹ̀. Ẹni tó bá ní ti irin gbọ́dọ̀ máa lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì títí ayé, kí wọ́n sì máa yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò nígbà gbogbo. Ní Ṣábẹ̀, kò sí ibi tí wọ́n ti lè yẹ ẹ́ wò. Bí oògùn bá kéré, ẹ̀jẹ̀ á dì mọ́ irin náà. Bó bá pọ̀, ẹ̀jẹ̀ á máa dà. "Kò sẹ́ni tó máa mọ̀ bóyá ewé náà rọ̀ tàbí ó le," ni dókítà wí, "àfi tí wọ́n bá la àyà rẹ̀."

Dókítà kọ̀wé sí Abíjáànì, Ṣabí ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. A ń dúró. Kò gbọdọ̀ ṣe iṣẹ́ agbára kankan títí wọ́n á fi pè é.

Ibẹ̀ la wà nígbà tí bàbá Àkànkẹ́ ránṣẹ́ pé àsìkò ọ̀wẹ̀ ti tó. Ẹ mọ ọ̀wẹ̀: ọkọ ìyàwó á kó àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ jọ, wọ́n á lọ kọ ebè iṣu ní oko bàbá ìyàwó. Bàbá ní kí ọ̀wẹ̀ Ṣabí wáyé nínú oòrùn, kí òun fojú ara òun rí i. Wọ́n ní oòrùn kì í bo wárápá mọ́lẹ̀. Bí Ṣabí bá ṣe é dópin, òun á fún un lọ́mọ. Bí kò bá wá, ọ̀rọ̀ ti parí.

Ṣabí wá bá mi. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ fún mi ní abẹ́rẹ́ kan tó máa gbé mi dé ìparí ọjọ́ yẹn."

"Kò sí irú abẹ́rẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣabí, má lọ. Jẹ́ kí n lọ sọ fún wọn pé kì í ṣe wárápá, pé ilẹ̀kùn ọkàn ló há."

"Kí ẹ wá sọ pé ọkàn mi ti bàjẹ́? Ta ló ń fọmọ fún àgbẹ̀ tí kò lè kọ ebè? Ẹ má sọ ọ́. Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ má sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni."

Mo sáré lọ bá Ọ̀gá Ìdòwú. "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ kí n sọ fún bàbá ọmọbìnrin náà. Ọmọ yìí fẹ́ lọ kú."

"Ohun tó wà láyà rẹ̀, ti ta ni?"

"Ọ̀gá..."

"Ti ta ni?"

"Ti aláìsàn ni."

Wọ́n wò mí. Ojú wọn kò le bíi ti tẹ́lẹ̀. "Ṣé o lè kọ ebè?"

"Ọmọ Adídó ni mí, ọ̀gá. Oko ni wọ́n bí mi sí."

"Ọ̀wẹ̀ gba ọ̀rẹ́ ọkọ. Mi ò tíì gbọ́ pé ànfimíyè kò lè jẹ́ ọ̀rẹ́ ọkọ. Mú ọkọ́ rẹ. Mú rọ́bà etí rẹ náà."

Ìdí nìyẹn tí mo fi wà ní ọ̀nà Kàbúà lọ́jọ́ náà, láàárín àwọn ọ̀dọ́kùnrin tí wọ́n ń kọrin, tí ọkọ́ wọn ń dán. Bàbá Àkànkẹ́ jókòó lábẹ́ igi èmì kan, igi tí a ń fi èso rẹ̀ ṣe òrí, lórí àga kékeré. Nígbà tí wọ́n mọ iṣẹ́ tí mò ń ṣe, wọ́n fi mí ṣẹ̀sín: "Ẹ káàbọ̀ o, kamaráàdì! Ṣé oko ìjọba ti tán ni, tí ẹ fi wá sí tiwa?"

"Ìjà ń tẹ̀síwájú, Bàbá," ni mo fi dáhùn, bí àwọn kamaráàdì ṣe máa ń wí, gbogbo wọn sì rẹ́rìn-ín. Ṣabí nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ń kó èémí pamọ́.

Mo gba poro tó wà lápá ọ̀tún rẹ̀. Mo ti bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó wà lápá òsì sọ̀rọ̀. Mi ò sọ ohun tó ń ṣe é, mo kàn ní kó jẹ́ kí a ran ọkọ lọ́wọ́, nítorí kò tíì jẹun. Àwa méjèèjì ń wọ́ ilẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ wa sínú poro Ṣabí, débi pé kò ṣẹ́ ku nǹkan púpọ̀ fún un ju kó fi ọkọ́ pa ẹnu ebè dé. Bí mo bá ti kọ ọ̀kan tán, màá wo ètè rẹ̀, màá wo ọrùn rẹ̀. Oòrùn ń gòkè. Ó ń lọ dáadáa. Mo ti ń rò ó pé a lè là á já.

Ni Bàbá gbé àga wọn. Wọ́n wá jókòó sí orí poro gan-an.

"Ẹ fi ti ọkọ sílẹ̀ fún ọkọ."

Orin dákẹ́. A kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ṣabí gbé ọkọ́ sókè, ó sọ ọ́ kalẹ̀. Ebè kan. Ó tún gbé e. Ètè rẹ̀ ti ń di eérú. Mo sọ̀rọ̀ lábẹ́lẹ̀ pé, "Ṣabí, sinmi." Ó ní, "Wọ́n ń wò mí." Ó di ọwọ́ kan mọ́ àyà, ó dọ́gbọ́n bíi pé ó ń nu òógùn. Mo fẹ́ pariwo. Òfin Ọ̀gá ni kò jẹ́. Ṣabí kọ ebè tó tẹ̀ lé e, ó kọ òmíràn.

Inú Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. Wọ́n bu omi sínú igbá. "Ó tó báyìí. Wá gba omi, ọmọ mi."

Ọmọ mi! Ayọ̀ tó wà lójú Ṣabí, mo ṣì ń rí i. Ó ju ọkọ́ sílẹ̀, ó yára lọ, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú àna rẹ̀ bó ṣe yẹ kí ọkọ ọmọ ṣe. Mo pariwo pé, "Má yára dìde!" Ó ti dìde. Ó dúró, ó na ọwọ́ sí igbá omi náà, ó sì ṣubú lulẹ̀ bí aṣọ tó já lórí okùn.

"Wárápá!"

Gbogbo wọn sá. Àwọn tó ń kọrin pẹ̀lú rẹ̀ láàárọ̀ sá dé ìsàlẹ̀ oko. Bàbá fà sẹ́yìn, igbá fọ́. Mo ń bọ̀ láti orí poro, ẹsẹ̀ mi ń rì sínú ilẹ̀ rírọ̀, mi ò tíì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ nígbà tí ẹnì kan kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Àkànkẹ́ ni. Ó gbé oúnjẹ àwọn òṣìṣẹ́ bọ̀. Ó ti ju gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ó kúnlẹ̀, ó gbé orí Ṣabí lé itan rẹ̀.

"Àkànkẹ́! Itọ́ rẹ̀ á kàn ọ́!"

"Bàbá, kò sí itọ́ kankan. Ẹ wá wò ó fúnra yín. Ẹnu rẹ̀ gbẹ."

Mo ní kó gbé orí rẹ̀ sílẹ̀ kó tẹ́jú, mo gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì lé èjìká mi kí ẹ̀jẹ̀ lè padà sí orí. Mo fi ìka wá ọrùn rẹ̀. Mi ò rí nǹkan kan. Mo tẹ̀ ẹ́ sí i. Mo ń rí alágbàrù ibùdó ọkọ̀ ojú irin, mo ń rí ọwọ́ Ọ̀gá nínú omi. Lẹ́yìn náà, ó wá, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ó ń gùn lọ́ra. Òmíràn tẹ̀ lé e.

Ṣabí lajú. "Àkànkẹ́, oúnjẹ ti dànù," ló kọ́kọ́ sọ. Ẹni tí wárápá bá mú kì í tètè mọ ibi tó wà bẹ́ẹ̀. Iyè Ṣabí ti padà lẹ́ẹ̀kan náà. Mo tẹ̀ mọ́ ọn létí: "Ṣé mo lè sọ báyìí?"

Ó wo Àkànkẹ́, ó wo bàbá rẹ̀ tó dúró lọ́ọ̀ọ́kán. "Ẹ má sọ nǹkan kan. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ."

Mo yọ rọ́bà etí. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ súnmọ́ wa."

"Kí n máa ṣe kí ni níbẹ̀?"

"Kí ẹ gbọ́."

Wọ́n rìn bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Mo fi í sí wọn létí, mo sì gbé ojú irin náà lé àyà Bàbá fúnra wọn lákọ̀ọ́kọ́, bí Ọ̀gá ṣe kọ́ mi. Ojú wọn là.

"Èmi nìyí?"

"Ẹ̀yin ni, Bàbá."

"Kí ló dé tó ń sáré?"

"Ẹ̀rù bà yín ni."

Bàbá fọwọ́ tẹ rọ́bà náà mọ́ etí dáadáa. Mo ní kí wọ́n fetí sí àárín ìró méjèèjì, kí wọ́n gbọ́ bó ṣe dákẹ́. Nígbà tí wọ́n mi orí pé àwọn ti gbọ́ ọ, mo gbé e lọ sí àyà Ṣabí. Bàbá tẹ̀ síwájú, wọ́n di ojú. Wọ́n gbọ́ ọ pẹ́. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ kò kúrò létí mi rí:

"Ta ló ń la pákó nínú àyà ọmọ yìí?"

Ìgbà náà ni mo ṣàlàyé. Wọ́n bi mí bóyá ó ń ràn, mo ní rárá. Wọ́n bi mí nípa ọmọ tí wọ́n máa bí, mo ní mi ò lè búra, àmọ́ ọ̀pọ̀ ni ọmọ wọn ń dára. Wọ́n bi mí bóyá ó ṣe é tún ṣe. Mo ní, "Kì í ṣe níbí. Abíjáànì." Mo sì sọ òtítọ́ pé ó lè má padà bọ̀.

Bàbá dìde. Wọ́n gbé ọkọ́ Ṣabí nílẹ̀, wọ́n bọ́ sórí poro rẹ̀, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ebè. Àwọn ọ̀dọ́ tó sá ń wo àgbàlagbà náà bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ dé òpin láìwo ẹnikẹ́ni.

"Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ sọ pé ọ̀wẹ̀ rẹ̀ kò pé," ni wọ́n wí nígbà tí wọ́n parí. "Kó lọ. Kó bọ̀. Àkànkẹ́ á dúró."

Àwọn Abíjáànì pè é, ó lọ.

Ìdúró yẹn ló gùn jù nínú iṣẹ́ ayé mi. Kò sí tẹlifóònù bíi tiyín. Lẹ́tà kan ṣoṣo ló dé láti ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀: wọ́n ti la àyà rẹ̀, ó jí. Kò sọ bóyá wọ́n la ewé ni tàbí wọ́n fi irin sí i. Aláṣọ ni, kò mọ̀ pé ohun tí a fẹ́ mọ̀ nìyẹn. Bí a bá pàdé Bàbá Àkànkẹ́ lọ́jà, wọ́n á ní, "Irin ńkọ́?" Màá ní, "A ò tíì mọ̀, Bàbá." Mo ti sọ fún wọn pé bó bá jẹ́ irin, á máa dún kẹ̀, kẹ̀, kẹ̀, bí aago ọwọ́.

Mo fẹ́ kí ẹ mọ bí irinṣẹ́ ṣe yí padà láti ìgbà náà, nítorí ẹ̀yin ni ẹ máa lò ó. Lẹ́yìn rọ́bà etí, ẹ̀rọ tó ń ya ìlù ọkàn sórí bébà dé, ó ń ṣiṣẹ́ nígbà tí iná bá wà. Lẹ́yìn náà mo rí èyí tó ń fi ìró ya àwòrán ọkàn ní Kùtọ́nú. Mo dúró níwájú rẹ̀ bí ọmọdé: mo rí ewé ilẹ̀kùn náà tó ń ṣí tó ń tì, ohun tí mo ti ń fi etí rí látọjọ́ yìí. Lóde òní, wọ́n ń ti ilẹ̀kùn tuntun gba iṣan itan àwọn arúgbó títí dé ọkàn, wọn ò sì la àyà. Èmi fúnra mi lo ọ̀pọ̀ ọdún láti fún àwọn ọmọ iléèwé ní Bóní àti Kàbúà ní abẹ́rẹ́ tí kì í jẹ́ kí àìsàn ọ̀fun padà wá bá ọkàn jà. Ẹ kọ́ gbogbo rẹ̀. Àmọ́ ẹ kọ́kọ́ mú irin náà móoru nínú ọwọ́ yín.

Ọkọ̀ ojú irin tó gbé Ṣabí padà wọ Ṣábẹ̀ ní ọ̀sán. Èmi, Ọ̀gá Ìdòwú, Àkànkẹ́ àti bàbá rẹ̀ ló lọ pàdé rẹ̀, ní ibùdó tí alágbàrù náà ti kú sí. Ṣabí sọ̀kalẹ̀. Ó ti rù, ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ń jà lára rẹ̀. Mo ki ọwọ́ bọ àpò.

Bàbá na ọwọ́. "Gbé e wá. Èmi ni mo máa kọ́kọ́ gbọ́ ọ."

Mo wo Ọ̀gá. Ọ̀gá wo Ṣabí. Ṣabí ní, "Tiyín ni, Bàbá," ó sì tú bọ́tìnì rẹ̀. Àpá kan gùn láàárín àyà rẹ̀ láti òkè délẹ̀. Bàbá fi rọ́bà sí etí, wọ́n di ojú irin náà mọ́ àtẹ́lẹwọ́ títí ó fi móoru. Ọ̀gá rí i, wọ́n yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí n má baà rí i pé wọ́n ń rẹ́rìn-ín.

Bàbá gbọ́. Àkànkẹ́ ti di apá mi mú, èékánná rẹ̀ wọ̀ mí lára.

"Kí lẹ gbọ́?" ni Ọ̀gá Ìdòwú béèrè.

"Kò sí aago." Bàbá tún fetí sí i. "Ó ṣì ń la pákó. Àmọ́ ayùn kékeré ni. Ayùn ọmọdé."

Wọ́n ti la ewé náà. Kò sí irin.

Kí ẹnikẹ́ni tó lè dá a dúró, Ṣabí ti dọ̀bálẹ̀ nínú eruku ibùdó náà. Mo ti tẹ̀ síwájú, mo ti la apá méjèèjì. Ó fi ọwọ́ ti ilẹ̀. Ó dìde. Ó dúró níbẹ̀ lórí ẹsẹ̀ ara rẹ̀, ó ń wo àna rẹ̀ lójú, ilẹ̀ kò sì yí.

Bàbá Àkànkẹ́ yọ rọ́bà kúrò létí. Wọ́n wò ó láti orí dé ẹsẹ̀, wọ́n fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú.

"Tún un ṣe," ni wọ́n wí. "Mi ò rí i dáadáa."